Ẹ Jẹ́ N Wò Ó Fìrí: Gẹ̀ẹ́sì Tó Bá Ojú Tó Ń Kánjú Mu

Ní Ọjà Awólọ́wọ̀ ní Ṣàgámù, ẹni tó bá dúró díẹ̀ níwájú òkìtì aṣọ òkìríkà kò ní pẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ ìsọ̀: “Customer, what are you finding?” Oníbàárà á fọwọ́ kan ṣẹ́ẹ̀tì kan, á ní, “I’m just seeing it.” Wọ́n ti gbọ́ ara wọn yé, ọjà sì ń lọ. Kò sí ẹni tó máa dúró sínú oòrùn kó máa to gírámà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn kọ gbólóhùn rẹ̀ sínú ìdánwò WAEC, tàbí kí oníbàárà náà lọ sọ tirẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Manchester, ẹ ó rí bí ojú ẹni tó gbọ́ ọ ṣe máa rí. Òyìnbó á máa rò ó nínú ara rẹ̀ pé bí o bá ti “find” ẹ̀, kí lo tún dúró ṣe níbí?

Àṣìṣe “finding” yìí, Yorùbá ni àwọn olùkọ́ sábà máa ń dì í rù. Wọ́n á ní ọmọ náà ń fi Yorùbá ronú. Irọ́ ni. Yorùbá ya “wá” sọ́tọ̀ kúrò lára “rí” gedegbe, kò sí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù tó máa sọ pé “mò ń rí kọ́kọ́rọ́ mi.” Pidgin ni “find” ti ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀. “I dey find my key” ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ó sì tọ̀nà, nítorí Pidgin ní òfin tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé àti Yorùbá ló jọ ń rìn lórí ọ̀rọ̀ yìí: “look for” ni wíwá, “find” ni rírí. Nígbà tí ọwọ́ ṣì wà nínú báàgì, “I’m looking for my key.” Ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá bọ́ sọ́wọ́, “I’ve found it.” “What are you looking for?” ni ọmọ ìsọ̀ yẹn ìbá bi oníbàárà rẹ̀.

Ibi tí Yorùbá ti ń ṣì wá lọ́nà ní tòótọ́ ni ọ̀rọ̀ kékeré “at”. “Wò” tiwa máa ń di ohun tí à ń wò mú tààrà: wo èyí, wò mí, wo ojú ẹ̀. Ìyẹn ló ń jẹ́ ká máa gbọ́ “Look this one” àti “Look me.” “Look” ti Gẹ̀ẹ́sì kò lè dá di nǹkan mú, àfi kó ní ọ̀rọ̀ atọ́kùn lẹ́yìn: “Look at this one.” Bí a kò bá sì dárúkọ ohun kankan, “at” kò níṣẹ́ níbẹ̀ mọ́, a ó kàn ní “Come and look.”

Bí a bá wá fẹ́ kí ẹni tó ń gbọ́ wa mọ̀ pé wíwò náà kò ní pẹ́, èdè wa kún fún ohun tí a lè fi sọ ọ́. “Jẹ́ n wò ó fìrí.” “Mo kàn fẹ́ wò ó ni.” “Ẹ jẹ́ n wò ó ná.” “Ná” yẹn, bó ti kéré tó, ó ti sọ fún ọlọ́jà pé mi ò tíì ṣèlérí o. Gẹ̀ẹ́sì kò ní “ná”. Ohun tó ń ṣe ni pé á sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ, á fi “a” síwájú rẹ̀, á wá mú “have” tàbí “take” ṣáájú gbogbo rẹ̀: “Let me have a look.” “Can I take a look at it?” “A” yẹn ló pààlà sí i. Ìwò ẹyọ kan ni mo tọrọ; tó bá ti parí, ó parí. Ẹni tó bá sọ pé “Let me have look” ti yọ ààlà náà dànù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì dúró dáadáa mọ́.

“Have” ni àwọn ará Britain fẹ́ràn, “take” ni ti Amẹ́ríkà. Àwa tí Britain kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, tí fíìmù Amẹ́ríkà tún wá kọ́ wa lẹ́ẹ̀kejì, à ń lo méjèèjì, kò sì sí èyí tó burú níbẹ̀. Èyí tí kò sí rárá ni “make a look”. “Have a see” kò sí, “have a look of it” náà kò sí. Bí ẹ bá fẹ́ kó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi “quick” sí i láàárín: “Let me have a quick look.”

Ọjà obì ni ìyàtọ̀ inú àwọn gbólóhùn wọ̀nyí ti hàn jù lójú mi. Ilẹ̀ gbànja ni Rẹ́mọ, àwọn oníṣòwò Hausa sì wà ní Sábó ní Ṣàgámù tí wọ́n ń rà á lọ sí òkè Ọya. Ẹ wo ẹni tó mọ obì rà. Ó ń kọjá lọ, ojú rẹ̀ bà lára apẹ̀rẹ̀ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró: “He glanced at the basket.” Ó padà wá, ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣí ewé gbòdógì tí wọ́n fi bo apẹ̀rẹ̀, ó wo bóyá funfun ló pọ̀ jù níbẹ̀ tàbí pupa: “He had a look at it.” Ó wá ti ọwọ́ bọ inú apẹ̀rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé èyí tó gbó dáadáa ni wọ́n ń tò sókè. Ó ń yí wọn sọ́tùn-ún sósì, ó ń mú ọ̀kan, ó ń dá a padà: “He looked through it.” Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní kí wọ́n da gbogbo rẹ̀ sórí ẹní, ó ń mú wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ojú ihò tín-ín-rín tí kòkòrò ń dá sí obì lára, nítorí obì tí kòkòrò bá ti wọ̀ lè bàjẹ́ tán kó tó dé Kánò: “He went through the whole basket,” tàbí “He checked every nut.” Bó bá rí ihò, tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè oko tí obì ti wá, ìgbà tí wọ́n ká a àti ẹni tó bó o, ọ̀rọ̀ ti di “He looked into it” nìyẹn.

Apẹ̀rẹ̀ kan náà ni, ọkùnrin kan náà ni. Bí ojú rẹ̀ ṣe ń wọlé sí i ni ọ̀rọ̀ kékeré tó ń tẹ̀ lé “look” ń yí padà. Ní kíláàsì, ńṣe ni wọ́n máa ń to “look at, look for, look through, look into” sójú pátákó kí ọmọ há wọn sórí, láìsí apẹ̀rẹ̀ kankan nílẹ̀. Mo gbà pé ìyẹn ló ń jẹ́ kí gbogbo wọn dàrú mọ́ ọmọ lójú nígbà tó bá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà JAMB, tí ọgọ́ta ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì ń dúró dè é.

Ìtàn ilé ìwé wa náà lọ́wọ́ sí i. Remo Secondary School ti wà ní Ṣàgámù láti 1946. Ní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ń darí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Tai Solarin dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ kan náà. Ilẹ̀ tó kàwé ni Rẹ́mọ. Àmọ́ inú ìwé ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe lẹ́nu ẹni tó ń fi í ra ata, ìwé sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ńlá. Kí ọmọ tó gbọ́ “have a look” lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ “observe”, ó ti mọ “investigate”, ó ti mọ “scrutinize”. Ẹ ó rí ọ̀mọ̀wé tó wọ ṣọ́ọ̀bù bàtà tó ní, “Please let me scrutinize that shoe.” Gírámà rẹ̀ pé pérépéré. Kí ni bàtà ṣe fún un?

Inú lẹ́tà ọ́fíìsì ni “peruse” fìdí kalẹ̀ sí. “For your perusal” ni gbogbo wa ń kọ. Kíkà fínnífínní láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti ń lò ó fún kí a kàn fojú sáré kà á, débi pé ẹni tó gba lẹ́tà kò mọ èwo ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ sí. Mo gbà yín nímọ̀ràn kí ẹ yà fún un. Bí ojú fìrí ni ẹ ń fẹ́, “Please have a quick look at the attached letter.” Bí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀gá kà á tán, “Please read it through.”

“Search” wúwo ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, ó sì ní àrékérekè tirẹ̀. Ohun tó bá tẹ̀ lé e tààrà ni ibi tí à ń tú, kì í ṣe ohun tí à ń wá. Ọlọ́pàá tó dá mọ́tò dúró nítòsí ìkóríta Ṣàgámù lórí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lè ní, “Let me search your boot.” Bùútù ni ó fẹ́ tú. Bó bá jẹ́ ìbọn ló ń wá níbẹ̀, “He is searching for guns.” Nítorí náà, ẹni tó sọ pé “I searched my key all over the house” ti sọ pé kọ́kọ́rọ́ gan-an ni òun tú lára wò. “I searched the house for my key” dára, nítorí ilé ni wọ́n tú. “I looked for my key” ló rọrùn jù lọ, òun náà ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lásán máa ń lò.

Ìwúwo yẹn kì í ṣe ohun tí a lè fojú kékeré wò. Bí bírò yín bá já bọ́ sí yàrá ọ̀rẹ́, tí ẹ wá bi í pé “Can I search your room?”, ojú rẹ̀ á yí padà. Ohun tí Yorùbá ń gbọ́ nínú “jẹ́ n tú yàrá rẹ wò” ni òun náà gbọ́: o ti fura sí mi. “Can I have a quick look round your room?” kò fura sí ẹnikẹ́ni. “Look round” tàbí “look around” ni ti ojú tó ń yí ká láìdúró pẹ́ síbì kan, kódà bí kò sí nǹkan tó sọnù. Àlejò tó bá dé ilé Awólọ́wọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí ibojì rẹ̀ wà, lè fi béèrè pé, “May we have a look round?” Kò ní sí ẹni tó máa rò pé ó wá tú ilé wò.

Ẹ ṣọ́ra fún “overlook”. “Look over” ni kí a fojú lọ lórí iṣẹ́ kan bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀. Ẹ gbé “over” síwájú, ó di “overlook”, ìyẹn ni pé kí a gbójú fò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ Babcock ní Ìlíṣàn tó bá kọ ọ́ sí olùkọ́ rẹ̀ pé “Kindly overlook my project” ti bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe bí ẹni tí kò rí iṣẹ́ náà. “Look into” ní tirẹ̀ jẹ́ ìwádìí pátápátá, kì í ṣe ìwò fìrí. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fẹ́ràn rẹ̀: “We shall look into it” dún bí ìlérí ńlá, gbogbo wa sì ti mọ̀ pé ó di ẹ̀yìn ọ̀la nìyẹn.

Nínú ṣọ́ọ̀bù Gẹ̀ẹ́sì, “I’m just looking, thanks” ni ìdáhùn ẹni tó kàn fẹ́ wo ọjà. Kò sí “it” níbẹ̀, kò sí “at”. Ẹni tó ń tajà á rẹ́rìn-ín músẹ́, á sì fi yín sílẹ̀. Ó máa ń ni ẹni tó dàgbà ní Rẹ́mọ lára láti sọ ọ́, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Lójú ìyálọ́jà tí kò tíì ta nǹkan kan láàárọ̀, kí èèyàn fọwọ́ tú ọjà òun kó sì lọ láìná an kì í ṣe ìwà tó dára. Ẹni tó bẹ̀rù kí wọ́n má bàa sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí òun á ní “Èló ni?” kódà bí kò ní kọ́bọ̀ lápò. Ìyẹn ni a gbé wọnú Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń sọ pé “I’m pricing it.” Lọ́dọ̀ òyìnbó, ọlọ́jà fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń “price” ọjà, nígbà tó bá ń kọ iye owó sí i lára. “How much is this?” ti tó oníbàárà. Àmọ́ ní Rye Lane ní Peckham, níbi tí àwọn èèyàn wa ti ń ta iṣu àti èlùbọ́, ẹ “price” rẹ̀ bó ṣe wù yín.

“I’m just browsing” lè dípò “I’m just looking.” Ọ̀rọ̀ ẹran tó ń já ewé jẹ níhìn-ín lọ́hùn-ún ni “browse” tẹ́lẹ̀. Ní Nàìjíríà, láti ìgbà tí kàfé íntánẹ́ẹ̀tì ti gbòde, a ti gbé ọ̀rọ̀ náà fún íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá. Ẹni tó bá sọ fún aláṣọ ní Ṣàgámù pé òun kàn ń “browse”, wọ́n á bi í pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló ń lò.

Ti fóònù ni “look up”: wíwá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, àdírẹ́sì tàbí nọ́ńbà níbi tí a ti mọ̀ pé wọ́n kọ ọ́ sí. “Look up the word” dára, “Look the word up” dára, ṣùgbọ́n bó bá ti di “it”, àárín ni “it” máa ń jókòó sí: “Look it up.” Kò sí “Look up it.” Ọdún 1998 ni wọ́n dá Google sílẹ̀, nígbà tó fi máa di 2006, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford ti gba “google” wọlé bí ọ̀rọ̀-ìṣe, nítorí náà kò sí ẹni tó lè bá yín wí tí ẹ bá ní “Just google it.” “Search it on Google” tí gbogbo wa ń sọ ló ń fẹ́ “for”. Ẹni tó bá fẹ́ dá irú nǹkan báyìí yanjú fúnra rẹ̀, kó wá ìwé atúmọ̀ èdè tí A. S. Hornby dá sílẹ̀ fún àwa tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ìyá wa, èyí tí Oxford tẹ̀ jáde ní 1948 tí wọ́n sì ń tún ṣe títí di òní. Kó ṣí i sí “look”, kó fi ìtumọ̀ sílẹ̀ ná, kó ka àwọn gbólóhùn àpẹẹrẹ. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké wọ̀nyí ń gbé.

Gẹ̀ẹ́sì kò ní “ẹ” àti “o”, ibẹ̀ sì ni ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ti máa ń kọsẹ̀. “Have a look at this” dára fún ọ̀rẹ́. Bí ọ̀gá ilé ìwé bá ni à ń bá sọ̀rọ̀, àṣẹ ló máa jọ létí rẹ̀. “Could you have a look at this, please, sir?” ni “ẹ” wọn. Nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ tàbí ìwé ẹ̀bẹ̀, ẹ fi “have a look” sílé, kí ẹ lo “consider” tàbí “review”. Bí ẹ bá sì dé Lọ́ńdọ̀nù tí ẹ gbọ́ “Let’s have a butcher’s”, kì í ṣe ọ̀dọ̀ alápatà ni wọ́n ń pè yín lọ. Ẹ̀fẹ̀ àwọn ará ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ni: “butcher’s hook” bá “look” dọ́gba létí, wọ́n wá gé “hook” kúrò. Ẹ rẹ́rìn-ín sí i, ẹ má lò ó.

Ó ku “check”, èyí tó ti di ọmọ Nàìjíríà ju gbogbo wọn lọ. “I came to check you yesterday but you were not around.” Ìbẹ̀wò ni à ń sọ. Lọ́dọ̀ àwọn tó ni èdè, táyà ni wọ́n ń “check”, tàbí ìṣirò owó. Èèyàn, wọ́n máa ń “check on” rẹ̀ ni, bí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ṣàgámù ṣe ń “check on” aláìsàn lóru. Bí ẹ bá kàn yà kí ọ̀rẹ́, “I dropped by to see you.” Mi ò rí ohun tó burú nínú “check you” láàárín ara wa. Ní January 2020, Oxford gba ọ̀rọ̀ Nàìjíríà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n wọlé, “danfo” àti “okada” wà lára wọn. Ta ló mọ̀ bóyá tiwa yìí náà ń bọ̀. Kó tó dé, ẹ má kọ ọ́ sínú ìdánwò.

“Check out” ló léwu. “Check out that shop” ni kí èèyàn lọ wo ṣọ́ọ̀bù yẹn, bóyá á wù ú. Ní òtẹ́ẹ̀lì, “check out” ni kí a sanwó, kí a dá kọ́kọ́rọ́ padà, kí a máa lọ. Ní àwọn ọdún 1980, ìjọba gbé ìpolówó kan jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, nínú èyí tí Enebeli Elebuwa ti ṣe Andrew, ọkùnrin tí ìlú ti sú, tó ní òun ń “check out”. Láti ìgbà náà, lẹ́nu wa, “check out” ti di kí a kẹ́rù kúrò ní Nàìjíríà, kí àwọn ọ̀dọ́ tó wá fi “japa” rọ́pò rẹ̀. Ọmọ tó bá sọ fún bàbá rẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ pé “Daddy, I want to check out Canada” lè ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì lọ́kàn. Bàbá tó rántí Andrew kò ní gbọ́ ìsinmi níbẹ̀. “I just want to have a look at Canada” ni kó sọ, kí bàbá tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹbí jọ.